Àwọn Ọmọ Tí A Kì Í Kà

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2003, Ìkẹ́rẹ́

Mo tọ̀ dáadáa láàárọ̀ yìí. Ẹni tí ẹ̀rọ ò bá fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí ò lè mọ ayọ̀ tí mò ń wí. Láti oṣù kẹfà ni kíndìnrín Akínlolú ọkọ mi ti wà nínú mi. Ó gbà kí wọ́n la òun nítorí tèmi. Ìyá rẹ̀ ti Àgbàdo wá ń tọ́jú wa — Kọmíṣọ́nnà ni mò ń pè é níbí, nítorí àṣẹ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. "Jẹ uyán rẹ." Mo jẹ iyán náà.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ìbàdàn, àyẹ̀wò. Dókítà Fámúyìwá ò rẹ́rìn-ín. Kíndìnrín ò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kan máa ń ní ọmọ ogun tó ń bá kíndìnrín àlejò jà títí yóò fi pa á. Oyún lè bí wọn, torí ara bàbá wà nínú ọmọ; ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára náà lè bí wọn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó là mí ò rí wọn, àmọ́ wọ́n lè sá pamọ́. Ó bi mí: ṣé oyún méjì péré lóòótọ́?

Méjì ni Kọmíṣọ́nnà sọ nígbà tí àìsàn ò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Irọ́ kọ́ ló pa. Nílé wọn, a kì í ka àwọn tó ti lọ. Tósìn àti Fúnkẹ́ tó wà láàyè nìkan là ń kà.

Mo ní, mẹ́rin ni, sà. Ọkùnrin méjì àkọ́kọ́ kú. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára nígbà èkejì. Akínlolú ń wo ilẹ̀.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Tí àwọn ọmọ ogun náà bá dá ara Akínlolú mọ̀, kíndìnrín yìí lè má pẹ́.

Àbámẹ́ta, 6

Mo sọ fún Kọmíṣọ́nnà. "Ta ní ń ka òkú ọmọ?" Nígbà tó yá, ó tún ní àwọn ọmọ yẹn ló ń bá mi jà, wọ́n fẹ́ mú mi lọ. Inú bí mi gan-an. Ọmọ mi ni wọ́n. Èmi ni mo gbé wọn.

Àìkú, 7

Dókítà ní kí n yẹra fún èrò, n ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kọmíṣọ́nnà gbààwẹ̀ fún mi. Èmi jẹun tèmi.

Ọjọ́rú, 10

Ẹ̀rù ń bà mí. Akínlolú ní tí eléyìí bá kọ̀, òun á yọ èyí tó kù fún mi. Mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún.

Ìṣẹ́gun, 16

Mo ṣì ń tọ̀. Ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Ẹtì, 19

Ọkọ mi lọ pe dókítà lábẹ́ agboòrùn oní-GSM. Ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀, kò rántí gun ọ̀kadà. Èsì ti dé. Ọmọ ogun wà lóòótọ́, ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí mi lára ni ó jọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó dojú kọ ara Akínlolú. Oògùn mi tó le jù ló ń dí kíndìnrín náà lọ́wọ́, wọ́n á dín in kù. Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kọmíṣọ́nnà ò gbàgbọ́. Ó ní, àwọn ọmọ yẹn kọ́? Mo ní rárá, Màmá, wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ó wá ní, "Jacob. Ezekiel." N ò gbọ́ orúkọ àwọn ọmọkùnrin mi yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin wọ́n.

Ezekiel ti lọ kí Màmá tó ti Àgbàdo dé nígbà yẹn. Ó bi mí pé ta ni ọmọ náà jọ.

Mo ní, Akínlolú ni, Màmá. Imú yẹn gan-an.