Igi Tó Kọ̀ fún Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti wà nílé ọkọ báyìí, ní Jẹ́ńtà Adamu. Ìtìjú mi ò tíì lọ.

Ọkọ mi dáa, àmọ́ ó ní eré kan tó yà mí lẹ́nu. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ kùsà ló fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnì kan á ní jagunjagun lòun, ẹnì kan á ní olè lòun. Ọkọ mi á sọ ohun tí wọ́n pàdé lọ́nà, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á wá da dáìsì bíi ti lúdò, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó máa ṣeé ṣe.

Ní Sátidé, wọ́n ní kí èmi náà jókòó, kí n jẹ́ dúrúìdì, ìyẹn àlùfáà àwọn igi. Tíṣà, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó sọ mí ní Amarya, ìyẹn ìyàwó tuntun lédè Haúsá, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ní Amarya ti di pásítọ̀ igi, ta ni yóò máa ṣe àmín fún un?

Ìwé náà ní dúrúìdì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin. Bàbá, ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣiṣẹ́ rélùwéè, ta ló mọ ewé tó yín ládùúgbò? Kí ni wọ́n á fi bó èèpo igi, eyín? Mo ní dúrúìdì tèmi á mú àdá, àmọ́ á kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ igi, bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó bó èèpo rẹ̀. Bí igi bá kọ̀, kò gbọdọ̀ gé e. Ọkọ mi fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé.

Nínú eré náà, ejò wá bu jagunjagun tí Tíṣà ń ṣe jẹ. Èèpo igi kan nìkan ló lè gbà á là. Ọkọ mi bi mí pé kí ni mo sọ fún igi náà. Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ètè yín nìkan ni mo máa ń rí tó ń mì. Kí lẹ máa ń sọ? Kí ló dé tí mi ò béèrè? Mo kàn ní ẹ jọ̀ọ́, ara ẹnì kan ò yá lọ́dọ̀ wa. Mo da dáìsì. Oókan, èyí tó kéré jù. Igi kọ̀.

Tíṣà fò dìde: Haba, Amarya! Ṣé igi inú ìwé ló máa pa mí? Gé e jàre! Mo ní rárá. Èmi tí mi ò lè wojú wọn! Jagunjagun rẹ̀ kú. Tíṣà fìbínú dé ẹnu ọ̀nà, ló bá yíjú padà, ó ní irú igi wo tiẹ̀ ni?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ìgbà tí ara àbúrò mi ń gbóná, tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ wá èèpo igi ní Du, tí ẹ sì padà dé lọ́wọ́ òfo. Màmá bínú gan-an. Ẹ kàn gbé àbúrò mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù. Bàbá, ṣé igi ló kọ̀ fún yín?

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó ṣì ń béèrè, tó sì fẹ́ràn yín.