Rọ̀kíbátù Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Tó Máa Ń Yí Ẹní Wo Ẹ̀yìn Ẹ̀

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ bá wa péjọ sí Ẹ̀pẹ́ lónìí. Nígbà tí màmá wa Rọ̀kíbátù Àbẹ̀kẹ́ kú lọ́dún 1868, kò sẹ́ni tó tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún wọn. Àwọn tó mọ̀wé nínú ilé nígbà náà, Kùránì ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Ní báyìí tí àwa ọmọ ọmọ ọmọ wọn wá tún ibojì wọn kọ́, a ní ká kọ ìtàn ọ̀hún sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹ má bínú. Ìdílé wa kì í tètè dé ibi ìpàdé.

Ìpakodò létí ọ̀sà, nílùú Ìkòròdú, ni wọ́n bí màmá wa sí ní nǹkan bí ọdún 1833. Ẹni tó bá ní òun mọ ọjọ́ náà gan-an, kó mú ẹlẹ́rìí wá. Sàlàkọ́ ni bàbá wọn, ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ọjà Ìkòròdú. Wùnmí ni ìyá wọn, ọmọ Ìkòròdú pọ́ńbélé, tó ń fi ìko hun ẹní. Sàlàkọ́ wá ra ẹní kan lọ́wọ́ Wùnmí. Ó padà wá ra òmíràn. Ó tún padà wá. Nígbà tí ẹní kún ilé ẹ̀ débi pé kò ríbi ká wọn sí mọ́, ó kúkú fẹ́ ẹni tó ń hun wọ́n.

Ẹ̀gbẹ́ ìyá wọn ni màmá ti kọ́ iṣẹ́. Kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méje, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń la ìko, bí wọ́n ṣe ń fi osùn pa á láró pupa, tí wọ́n sì ń fi ẹlú sọ ọ́ di dúdú. Orin ni wọ́n fi ń ka ọ̀já ìko: bí orin bá yí, ọ̀nà ara ẹní náà yí. Àmọ́ màmá wa ní ìwà kan. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń wo ojú ẹní, ẹ̀yìn ẹ̀ ni màmá ń yí wò. Láyé ìgbà yẹn, ojú ẹní a máa dán bí ojú ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni oníṣẹ́ ń ti gbogbo ìrù ìko sí, á wá rí wúruwùru bí irùngbọ̀n ẹni tó ti ń ṣàìsàn láti oṣù mẹ́ta. Bí màmá bá ti béèrè pé, “Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́?” ìdáhùn kan náà ni Wùnmí máa ń fún wọn:

“Ta ló ń sùn sẹ́yìn ẹní?”

Ní nǹkan bí ọdún 1842, bàbá wọn mú wọn lọ sí Èkó, ó sì fi wọ́n sí ilé kéú; ìyá wọn dúró sí Ìkòròdú nídìí iṣẹ́ ẹní. Ibẹ̀ náà, wọ́n ń yí igbá, wọ́n ń yí agbọ̀n. Wọ́n tiẹ̀ yí wàláà, pátákó tí áfà ń kọ Kùránì sí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohun tó kù nínú orí tí wọ́n ń kọ́ wà lẹ́yìn. Áfà nà wọ́n. Ọjọ́ kejì, wọ́n tún yí i.

Ọdún 1851 ni ogun dé Èkó. Màmá ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà náà. Sàlàkọ́ kó ìdílé ẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó ń sá gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Oníkálukú gbé ohun tó lè gbé. Ọ̀bẹ ìko àti ẹní kan tí wọn ò tíì hun tán ni màmá wa gbé. Nígbà tí ọkọ̀ kún ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n ní kí oníkálukú da nǹkan kan sómi, màmá jókòó lé ẹní náà, wọ́n sì ń wo ojú ọ̀run.

Lọ́dún 1853, wọ́n fẹ́ bàbá wa Bísíríyù, tí òun náà ti Èkó sá wá. Bàbá wa jẹ́ èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹja nìkan ló mọ̀ láyé yìí. Ó ń pa á, ó ń tà á, ó sì ń lá àlá ẹ̀. Iṣẹ́ màmá ni láti máa yan ẹja náà. Ìgbà tí èéfín bá kúrò lójú wọn ni wọ́n tó lè fọwọ́ kan ìko, ọwọ́ náà á sì ti máa rùn.

Ní ìparí ọdún 1857 ni Lèmọ́mù Súbérù kọ́ mọ́ṣáláṣí tuntun fún àwọn ará Èkó àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ pọ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé oníkálukú ń gbé ẹní tiẹ̀ wá, ará Èkó ń tẹ́ ẹ síbí, ará Ẹ̀pẹ́ ń tẹ́ ẹ sọ́hùn-ún. Lèmọ́mù wá ní ẹní kan ṣoṣo lòun fẹ́, tó máa bo gbogbo ilẹ̀ ilé náà. Màmá wa ní àwọn á hun ún. Bàbá wa gbà, àmọ́ ó ní àdéhùn kan.

“Lọ hun ún. Ṣùgbọ́n bí mọ́ṣáláṣí ò bá gbà á, a ò tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ẹní nínú ilé yìí mọ́. Ẹja la ó máa yan títí ayé.”

Màmá ní àwọn gbà.

Ọ̀sán gangan kan báyìí nínú ọyẹ́ ni wọ́n mú okùn lọ wọn ilé náà. Inú ọgbà Lèmọ́mù làwọn ọkùnrin ṣì ń kírun, kò sẹ́nì kankan nínú mọ́ṣáláṣí, kò sì tíì sí àmì kankan lára ògiri tó fi iwájú hàn. Nǹkan méjì ni màmá gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Èkíní, òpó kan wà láàárín gígùn ilé náà, ṣùgbọ́n ó sún sí apá ọ̀sà, ẹní sì gbọ́dọ̀ ní ojú ihò tí òpó máa gbà yọ. Èkejì, ẹní náà gbọ́dọ̀ ní ahọ́n kan níwájú, níbi tí Lèmọ́mù á dúró sí. Ibo wá ni iwájú? Màmá ò béèrè. Ní Èkó tí wọ́n dàgbà sí, téèyàn bá ti ń kírun, ọwọ́ òsì ni ọ̀sà máa ń wà. Wọ́n gbọ́ ariwo omi, wọ́n fi í sí ọwọ́ òsì, wọ́n ta kókó sí okùn. Wọ́n ti gbé Ẹ̀pẹ́ fọ́dún mẹ́fà o! Orí wọn mọ̀ pé Ẹ̀pẹ́ làwọn wà. Ẹsẹ̀ wọn ló rántí Èkó.

Wọ́n wọkọ̀ lọ bá ìyá wọn ní Ìpakodò, níbi tí ìko dáadáa wà. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi hun ẹní náà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń hun. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ààwẹ̀ ọdún 1858 bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ gbé e dé Ẹ̀pẹ́.

Wọ́n tẹ́ ẹ. Pupa ń lé dúdú, dúdú ń lé pupa, òpó sì wọ ojú ihò ẹ̀ wẹ́kú. Bàbá Bàdírù, àgbà apẹja kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló jáde síta, ó wo oòrùn àárọ̀, ó padà wọlé, ó wo ahọ́n ẹní.

“Rọ̀kíbátù, ta ló fẹ́ kírun sí Èkó?”

Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ará Èkó ò rẹ́rìn-ín. Ìlà oòrùn lèèyàn ń kọjú sí kírun, ẹní màmá sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, síbi tí ilé wọn wà.

Wọ́n yí ẹní náà po kí ahọ́n lè kọjú sí ìlà oòrùn. Ahọ́n bọ́ síbi tó yẹ, ihò òpó wá bọ́ sí apá kejì. Bí wọ́n bá gé ihò míì, ẹní á tú. Bàbá wa Bísíríyù kàn kọjú sí ọ̀nà ilé, níbi tí ààrò ẹja wà.

Màmá jókòó sílẹ̀ sí etí ẹní. Wọ́n ní àwọn ò mọ ìgbà tí ọwọ́ àwọn gbé etí ọ̀hún, tó sì yí i wò. Wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dojú ẹ̀ dé.”

Ọkùnrin méjìlá ló dojú ẹ̀ dé. Ahọ́n kọjú sí ìlà oòrùn, òpó sì wọ ihò ẹ̀. Wàhálà tó kù ni irùngbọ̀n ìko tó wá dojú sókè. Lèmọ́mù Súbérù forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó dìde, ó ń fọwọ́ pa iwájú orí. Ó ní ààwẹ̀ lòun fẹ́ gbà o, òun ò fẹ́ kọ ilà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni màmá ní. Ìrù ìko kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kì padà sínú ẹní, wọ́n sì ń fi ìko aláró tuntun dè é, kí òun náà di ọ̀nà. Ọjọ́ kejì, obìnrin ará Èkó mẹ́ta wá bá wọn. Ọjọ́ kẹta, àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ dé pẹ̀lú orin tiwọn. Orin méjèèjì kọ́kọ́ ń jà, nígbà tó yá wọ́n bára mu, ọwọ́ sì wá ń yá. Ọjọ́ keje ni bàbá wa Bísíríyù wọlé, ó mú abẹ́rẹ́ tó fi ń di àwọ̀n dání, ó jókòó láìkí ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìrù ìko. Wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ. Bàbá Bàdírù ní àṣé ẹja tí Bísíríyù ń pa láti ọjọ́ yìí, ìko ló ń wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀, ìrù tó gbẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀yìn ẹní náà wá lẹ́wà ju ojú ẹ̀ lọ. Ará Èkó àti ọmọ Ẹ̀pẹ́ tò sórí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá wa ti ń yan ẹja ẹ̀ fúnra ẹ̀. Wọ́n ní kì í jinná.

Olójú Méjì ni wọ́n ń pe irú ẹní tí màmá ń hun láti ìgbà náà. Wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú. Ẹni tó bá wá rà á tí ò kọ́kọ́ yí i wò, wọn kì í tà á fún un. Lọ́dún 1863, Wùnmí ìyá wọn wá kí wọn láti Ìkòròdú. Wọ́n tẹ́ Olójú Méjì fún ìyá. Ìyá yí i wò, ó dojú ẹ̀ dé, ó sì sùn sẹ́yìn ẹ̀ di ọjọ́ tó padà lọ sílé.

Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló mú màmá wa lọ lọ́dún 1868. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ẹní gbé wọn lọ sí ibojì, àríyànjiyàn dé: èwo ni ojú, èwo ni ẹ̀yìn? Bàbá wa Bísíríyù ló parí ẹ̀.

“Ẹ tẹ́ ẹ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Kò ní ẹ̀yìn.”

Wọ́n fi Lùkúmàn, Mùnírátù àti Sèlíátù sílẹ̀ sáyé. Àwọn yẹn bí ọmọ mọ́kàndínlógún, àwọn mọ́kàndínlógún sì bí àwa tá a kún àgbàlá yìí lónìí, láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìpakodò dé Agric ní Ìkòròdú. Ẹ bojú wo ẹni tó jókòó tì yín. Bó bá ti yí àwo oúnjẹ ẹ̀ wo ìdí, ọmọ wa ni.

Ẹ sùn re o, Rọ̀kíbátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Wùnmí. Ibi kan ṣoṣo tẹ́nikẹ́ni nínú wa ò tíì rí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ̀yin ti débẹ̀. Ẹ bá wa wò ó dáadáa. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí ibi tó tura lójú, tó sì tura lẹ́yìn. Àmín.