Ebu Ewùrà Tí A Gbé Lọ sí Ìkórè

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ọmọ yín tó wà ní Kàdúná ló kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ṣẹ́gun, tí í ṣe olórí ilé wa báyìí. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ tí n kò tíì rí. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí, kó kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mo ti mọ̀wé díẹ̀ níbi ẹ̀kọ́ àgbà tí mò ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò bẹ ọmọọmọ mi kankan pé kó bá mi kọ ọ́, kó má baà fi ṣúgà sí i níbi tó bá ti korò.

Ọyẹ́ ti dé síbí. Ètè mi ti là, eruku sì ń wọ inú ìkòkò tí a dé. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú, èmi nìkan ni mò ń jí nínú yàrá yìí. Mo ṣì ń ta obì. Iṣẹ́ tó gbé wa kúrò ní Akaka, ìlú wa, nìyẹn: ẹ̀yin á di obì sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé, tírélà á gbé e láti Ṣàgámù wá bá wa, tírélà yẹn náà á sì kó ẹ̀wà, àgbàdo àti àlùbọ́sà padà sọ́dọ̀ yín. A ṣe é títí tí ẹnikẹ́ni ò fi rántí mọ́ pé epo ló ń gbé ọkọ̀ rìn.

Lóṣù tó kọjá, epo wọ́n. Làmídì, awakọ̀ tó máa ń gbé obì wa, sùn sójú ọ̀nà níbi tó ti tò fún epo, títí kòkòrò fi wọ inú obì. Nígbà tó dé, ó jíṣẹ́ Bàbá Ṣẹ́gun fún mi. Wọ́n ní kí n tètè fi ẹ̀wà, àgbàdo àti ìrẹsì ránṣẹ́, pé ebi ń pa ilé. Wọ́n tún ní kí n bá wọn yọ̀, pé wọ́n fẹ́ gbin obì sí ilẹ̀ yín létí odò. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó kù fún oúnjẹ ni wọ́n ní kí n bá àwọn yọ̀ lé lórí!

Hàjíà Ladi, aládùúgbò mi, jókòó níbẹ̀, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ó bi mí bóyá kì í ṣe ibi tí òjò ti ń rọ̀ títí koríko ń hù lórí òrùlé ni mo ti wá. Mo ní ibẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá òkúta ni ilẹ̀ ibẹ̀. Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní àwọn tí òjò ń yà bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó ni yóò wá máa bọ́ àwọn tí òjò ń lé kiri. Lẹ́yìn náà ló bu ọkà bàbà nínú àká rẹ̀ fún mi. Mo gbà á, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè gbójú sókè wò ó.

Ìyá mi, ọdún tí mo wálé fún ìkórè ni mo ti rí ibi tí à ń lọ. Àpò ìrẹsì òkè òkun ni wọ́n tò síwájú pẹpẹ, pẹ̀lú agolo mílíìkì àti páálí bísíkíìtì. Mo bi Bàbá Ṣẹ́gun pé oko ta ni wọ́n ti ká bísíkíìtì. Wọ́n ní kí n panu mọ́, pé ayé ti là, pé ta ló tún fẹ́ máa rin ewùrà nígbà tí ìrẹsì ń jinná kí èèyàn tó wẹ̀ tán. Gbogbo ilé bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àlùfáà wá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ohun tó ti inú ilẹ̀ jáde wá. Kí ojú má baà ti ilé wa, ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé yín, wọ́n kó ìwọ̀nba ewùrà tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ebu tí ẹ ó gbìn, wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́ agbọ̀n, wọ́n gbé e síwájú pẹpẹ. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n lù ú ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó tíṣà kan láti Ìpẹ̀rú rà á, ó sì fi se ikọ́kọrẹ́ fún àlejò. Ó tilẹ̀ ránṣẹ́ pé ó dùn. Ewùrà tí ìyá yín fún yín, tí ìyá tiwọn fún wọn, ibẹ̀ ló parí sí. Etí aṣọ yín ni ẹ dì mú.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo sọ fún yín létí pé ó kù. Nígbà tí mo ń tẹ̀lé ọkọ mi bọ̀ níbí, ẹ di ebu sínú ẹrù mi, Bàbá Ṣẹ́gun sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń gbé iṣu lọ sí Òkè Ọya. Ẹ̀yìn kànga ni mo gbìn ín sí. Lọ́dọọdún ni mò ń hú u, mò ń jẹ díẹ̀, mo sì ń dá ti ọdún tó ń bọ̀ sí.

Ní báyìí, ìrẹsì òkè òkun ti dọ̀wọ́n, nítorí owó epo rọ̀bì tí ìjọba fi ń rà á kò wọlé bíi ti àtẹ̀yìnwá. Obì kún ilé yín, ebi sì ń pa yín. Nítorí náà, n kò fi ẹ̀wà ránṣẹ́ sí Bàbá Ṣẹ́gun, n kò sì fi ìrẹsì ránṣẹ́. Ebu ewùrà ló wà nínú agbọ̀n obì tí Làmídì gbé bọ̀. Koríko gbígbẹ ni mo fi dì í. Ọkà bàbà Hàjíà tó wà lókè rẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí, Ìyá mi. Ẹ fi rokà.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé inú á bí yín. Ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ́ lọ sétí odò. Ẹ má gbin obì síbẹ̀. Tí òjò bá ti múlẹ̀, mò ń bọ̀ wálé wá wò ó. Tí mo bá bá ewé ewùrà lórí ọ̀pá, màá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e lọ sí ìkórè, tàbí tí ẹ rin ín sínú ìkòkò, ẹ má ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá òmíràn. Kò sí nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn kànga. Gbogbo rẹ̀ ni mo hú.

Ìyá mi, kí Ọlọ́run dá yín sí kí ẹ jẹ nínú rẹ̀. Kó má jẹ̀ẹ́ kí àkàṣù wọ́n ní ilé wa. Ẹ bá mi kí gbogbo Akaka, ẹ má yọ ìyàwó tíṣà ti Ìpẹ̀rú sílẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọrẹ́nikẹ́.