Ojú Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Ọmọ mi obìnrin àtàtà,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé onílé rẹ ti tún òrùlé tó ń jò náà ṣe? Àwa níbí ń jẹ, a ń mu, a ń sùn, ìyá rẹ sì ń bá mi fa ọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, nítorí náà ara gbogbo wa le. Ọlọ́run tó dá ọ sí títí dòní yóò máa pa ọ́ mọ́ ní àlọ àti ní àbọ̀. Lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí pé bí mo bá pè, ìyá rẹ á já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, á sì sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí gan-an. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo hùwà òmùgọ̀ náà, bóyá màá lè fi ọgbọ́n díẹ̀ bò ó.

Ọ̀rọ̀ ojú mi ni. O mọ̀ pé ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ, tí mo sì máa ń yangàn fún gbogbo ayé pé mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo awò ojú. Mo ṣì ń ṣe é títí dòní, ìyẹn gan-an ló sì tàn mí jẹ. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn ni mo ti ń forí gbá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo bá lọ bá káfíńtà tó kàn án jà pé igi rẹ̀ ti wú. Mo ń kọsẹ̀ lára àga àwọn oníbàárà, mo ní ìyá rẹ ló ń gbé e kiri. Nígbà tí mo wá rán ṣòkòtò fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, mo wo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀, mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò dọ́gba. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó lọ sílé lọ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá rẹ ló wọ́ mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n sì ti béèrè ohun tó ń yọ mí lẹ́nu, mo kọ ìyàwó mi síbẹ̀. Ìyá rẹ gba bírò, ó pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n mú mi wọ yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹnu ẹ̀rọ kan tó rí bí abọ́ ńlá, wọ́n bo ojú mi kan, wọ́n ní kí n tẹjú mọ́ àárín, kí n máa tẹ bọ́tìnì kan nígbàkígbà tí mo bá rí iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé ìdánwò ni. O mọ̀ pé n kò kàwé jìnnà, mo sì ti pinnu pé n kò ní fìdí rẹmi níṣojú ìyá rẹ. Mo kíyè sí i pé iná náà ń wá ní ìwọ̀n bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ni mo bá ń fi ẹsẹ̀ lu ìwọ̀n náà nílẹ̀, mo ń fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnì, mo rí iná o, n kò rí iná o. Nígbà tí mo jáde, mo ń yan, mo sọ fún gbogbo àwọn tó jókòó níta pé ẹyọ kan kò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Dókítà, obìnrin kan tí kò lè jù ọ́ lọ, wo ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ó wá rọra bi mí pé ṣé Bàbá ń rí iná tí àwọn kò tàn ni. Ó ní ẹ̀rọ náà ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mò ń tẹ bọ́tìnì nígbà tí kò sí nǹkan kan. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. A tún un ṣe, mo sọ òtítọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àwòrán tó jáde sì bà mí lẹ́rù, nítorí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dúdú, àárín nìkan ló mọ́lẹ̀. Àárín yẹn ni mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ó ní gulakóómà ni orúkọ àrùn náà. Bó ṣe yé mi sí ni pé omi kan wà nínú ojú, kì í ṣe omijé, tó máa ń sun tó sì máa ń ṣàn jáde. Tí ọ̀nà tó ń gbà jáde bá dí, ìfúnpá inú ojú á lọ sókè, á máa tẹ okùn tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, okùn náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Kì í sábà dunni, ojú kì í pọ́n. Mo délé, mo kéde pé dókítà ní ìfúnpá mi ga, kí ẹnikẹ́ni má bí mi nínú, kí wọ́n má sì rán mi níṣẹ́. Mo gbádùn ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí ìyá rẹ tó lọ bi nọ́ọ̀sì, tí ìyẹn sì sọ fún un pé ìfúnpá ojú yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀, àti pé kò sí ohun tó ní kí n má gbálẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ gan-an ló kù yìí. Wọ́n fún mi ní oògùn tí à ń kán sójú, ẹ̀kán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ìgò rẹ̀ jọ ìgò epo ẹ̀rọ mi, mo sì lò ó bí epo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó bá ń ké ni mo máa ń kán epo sí. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, bí mo bá kán an sí i, aṣọ oníbàárà ni yóò bàjẹ́. Ojú mi kò ké, kò dùn mí, mo bá tọ́jú ìgò náà sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn bọ́tìnì. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo bá ń lọ rí dókítà nìkan ni mo máa ń kán an, bí ènìyàn ṣe ń gbálẹ̀ de àlejò. Bẹ́ẹ̀ obìnrin kan láti ilé ìwòsàn ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ pé kí n má gbàgbé oògùn. Mo máa ń dá a lóhùn pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣe sùúrù fún ara yín, nítorí kì í sinmi, títí kan ọjọ́ Ìsinmi. Mo gbàdúrà ọkọ rere fún un. Nọ́ọ̀sì ní kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n àdúrà náà ti lọ.

Oṣù mẹ́fà kọjá báyìí. Tí wọ́n bá wọn ojú mi, ìfúnpá rẹ̀ á ti wálẹ̀, dókítà á yìn mí, èmi náà á gba ìyìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún gbé mi síwájú ẹ̀rọ oníná, dúdú ti pọ̀ sí i. Dókítà wo ìwé méjèèjì títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé bóyá oògùn tí òun yàn kò dára tó. Ìyá rẹ ló wá tú àṣírí pé ìgò àkọ́kọ́ ṣì wà ní dúrọ́ọ̀, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣí i, oṣù kan péré ló yẹ ká lò ó. Dókítà kò bú mi, ì bá sì sàn kó bú mi. Ó ní èyí tó ti lọ nínú ojú mi kò ní padà mọ́, kò sí oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Èyí tó kù ni àwọn fẹ́ bá mi dì mú. Mo sunkún níbẹ̀, ọmọ mi.

Ó to ọ̀nà tó wà sílẹ̀ fún mi. Oògùn ojú lójoojúmọ́ títí ayé, ó lè di oríṣi méjì. Iná kan wà tí wọ́n ń pè ní léésà, tí wọ́n máa ń tàn sí ibi tí omi náà ń gbà kó lè máa ṣàn, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, wàá sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Tí ìwọ̀nyí kò bá ká a, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á la ọ̀nà tuntun fún omi. Mo bi í léèrè irú òwú tí wọ́n fi ń rán ojú, ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Èmi tí mo ń yangàn, mo dá àwòrán náà padà fún un. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe léésà fún mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ní báyìí ìyá rẹ ló ń kán oògùn sí mi lójú, ó máa ń di etí mi mú kó tó kán an, ó ní òun kò mọ̀ bóyá mo lè sá.

Dókítà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ní i rí, nítorí àrùn náà máa ń wà nínú ẹbí. Mo ní rárá. Ojú ọ̀nà ilé ni mo ti rántí bàbá mi, tí o kò bá láyé. Agbéraga ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bí ènìyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó tẹríba, kò ní wò ó. Ọjọ́ tí mo rán ẹ̀wù àkọ́kọ́ mi, mo wọ̀ ọ́, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. N kò sọ̀rọ̀, mo fẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀, kó yìn mí. Mo dúró pẹ́, kò yíjú. Mo bínú kúrò níbẹ̀, mo sì gbé ìbínú náà sínú títí a fi sin ín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò rí mi rárá.

Nítorí náà, owó ni mo tún fẹ́ tọrọ. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn mi. Ṣùgbọ́n èyí tí o ní o fẹ́ fi ra tẹlifíṣọ̀n fún wa, mo bẹ̀ ọ́, mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ tìrẹ wò. Má sọ fún mi pé ojú kò dùn ọ́.

Ọlọ́run á bá ọ ṣọ́ ojú rẹ méjèèjì, wàá fi rí ọmọ, wàá fi rí ọmọ ọmọ. Tí o bá sì wálé, má dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o máa retí pé màá yíjú. Wá síwájú mi gan-an, kí o dúró pẹ́.

Èmi ni, bàbá rẹ.