Ajẹ́lẹ̀ Kan ní Coolock

                                        Ilé Kẹsàn-án, Rowan Court,
                                        Mulhuddart,
                                        Dublin 15, Ireland.
                                        20 Oṣù Kọkànlá, 2001.

Adétutù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni o, báwo ni gbogbo ará Mọ́kọ́lá? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti wálẹ̀? Ṣé Bàbá ṣì ń bá rédíò wọn jà? Ẹ kú ààwẹ̀ o, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa. Ara èmi le, òtútù nìkan ló fẹ́ pa mí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní Alájì Tàjùdíìnì ti bá ọ wá iṣẹ́ àti yàrá sílẹ̀ ní Coolock níbí, pé kí n bá ọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N ò ní í dúpẹ́. Má sì bínú pé "ó" ni mo ń pè é, "wọ́n" ti tán lẹ́nu mi.

Mo ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn nírọ̀lẹ́ lẹ́bàá Parnell Street. Ìjọba tí àwọn ará Sípéènì gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ la ń kọ́. Ọba wọn jókòó sí Sípéènì, òun àti ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin fún ilẹ̀ tí wọn ò fojú rí rí. Ajẹ́lẹ̀ àgbà ló ń ṣojú ọba lókè òkun, ilé ẹjọ́ ńlá ń ṣọ́ ajẹ́lẹ̀, àwọn ajẹ́lẹ̀ kéékèèké sì wà káàkiri ìlú. Wọ́n tún máa ń fa àwọn ọmọ onílẹ̀ lé ọ̀gá kan lọ́wọ́, kí ó dáàbò bò wọ́n, kí ó kọ́ wọn lẹ́sìn, kí àwọn náà máa sìn ín. Bí ọba bá kọ̀wé pé ìyà yẹn pọ̀ jù, ajẹ́lẹ̀ á gbé ìwé náà lé orí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á ní òun gbọ́, àmọ́ òun ò ní í ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín ní kíláàsì, nítorí mo mọ ọkùnrin náà. Coolock ló ń gbé.

Alájì ni alága ẹgbẹ́ wa níbí. Ẹni tuntun tó bá dé, òun ló ń gbà á sílé, òun ló ń kó o lọ fọ ilé iṣẹ́, òun náà ló ń kọ́ ọ ní kéú lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí onítọ̀hún lè máa pè é ní bàbá.

Ohun kan ṣoṣo wà tí àwọn ará Sípéènì ń ṣe tí mo fẹ́ràn. Bí ajẹ́lẹ̀ bá lo sáà rẹ̀ tán, kò gbọ́dọ̀ kúrò nílùú. Wọ́n á yan adájọ́, wọ́n á kéde kí ẹnikẹ́ni tí ó bá rẹ́ jẹ jáde wá sọ ọ́. Nígbà tí sáà Alájì pé tó tún fẹ́ wọlé, mo dìde ní ìpàdé, mo ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbà. N ò mọ̀ pé ó mọ̀ wá ju bí mo ṣe mọ̀ wá lọ.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ náà, wọ́n gbé àga fún un. Nosiru ló kọ́kọ́ jáde, ẹni tó ti ń ṣépè fún Alájì nínú bọ́ọ̀sì láti àárọ̀. Ó dé iwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Blanket tẹ́ ẹ fún mi yẹn, Allah á san yín lẹ́san." Waris tẹ̀ lé e, òun náà dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àìsàn, ẹni tó ń sùn sí kọ́ríídọ̀, gbogbo wọn ń jáde wá, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. A kó ẹjọ́ wá, a sọ ọ́ di ìsọmọlórúkọ.

Mubarakah nìkan ló dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. O ò mọ̀ ọ́n; Ìṣẹ́yìn ló ti wá, òun àti Ikram, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje. Ó na ọwọ́ méjèèjì síta. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ti bó wọn dé ọrùn ọwọ́. Ó ní, "Alájì, mo tọrọ gloves lọ́wọ́ yín. Ẹ ní ṣé ìyàwó òyìnbó ni mí ni." Oyèbánjí, àgbàlagbà tí a fi ṣe adájọ́, ló fèsì: "Ìwọ ọmọ yìí, o ò lè kúnlẹ̀ ni?" Ohun tí wọ́n jíròrò títí ìpàdé fi tú nìyẹn. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní ìwé ti fẹ́ yí mi lórí. Wọ́n tún Alájì yàn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí a gbààwẹ̀, Alájì kó ẹrù Mubarakah àti Ikram síta. Ibùdókọ̀ ni mo ti lọ pàdé wọn nínú òjò. Mubarakah ò lè fọwọ́ di nǹkan mú, Ikram ló ń wọ́ báàgì nílẹ̀, ó ń sọ pé, "It's grand, Mammy. It's not even heavy." Pálọ̀ mi ni wọ́n ń sùn báyìí. Nosiru ò tíì wá kí wọn, Waris ò wá. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn ò sọ ohun tó ń ṣe ẹni tó bá sọ̀rọ̀.

Bá mi kí Màámi àti Bàbá, kí o sì kí Láńre àbúrò rẹ pé n ò gbàgbé rẹ̀. N ò ní kí o má wá o. Ọjọ́ orí rẹ kúrò ní ti ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́kun.

Àmọ́ o kọ̀wé pé yàrá tí Alájì fún ọ ní fèrèsé tó kọjú sí ọgbà, pé bẹ́ẹ̀dì kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí o lè máa kó ẹrù lé. Ikram ló ń sùn lórí rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Èmi tí mo fẹ́ ọ dénú,
Adéjọkẹ́.