Òkúta Tí Mi Ò Gbé Lé E

Àtàláátà, oṣù kẹta, 1983

Mo ń da àlúmíníọ́mù yíyọ́ sínú àpótí irin méjì tí a gbé lé ara wọn, tí a fi ń ṣe ìkòkò, lónìí, mi ò sì gbé òkúta tẹ àpótí òkè mọ́lẹ̀, torí mo fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Bó ṣe kún dé ẹnu ihò tí mo ń dà á sí, ó ti àpótí òkè láti abẹ́, ó gbé e sókè. Àlúmíníọ́mù gbígbóná náà bá ń ṣàn jáde láàárín àpótí méjèèjì.

Rísí ìyàwó mi, tòun ti oyún oṣù mẹ́jọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ dé ni. Mo pariwo, "Rísí, sá!" Ó fò sẹ́yìn. Bàtà rẹ̀ kan ló jóná. Ká ní ó tún fi ẹsẹ̀ kan sún mọ́ mi ni…

Rísí bi mí pé, "Bàbá Ràmọ́tà, ṣé ohun tó ń ṣàn bí omi lè gbé irin ni?"

Mo ní ó lè gbé e.

Ó ti sọ fún gbogbo ilé pé igbe mi ló gba òun là. Ìyá rẹ̀ wá kí mi kú ewu, ó ń ṣàdúrà fún mi.

Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún wọn pé kí n tó dà á ni mo ti mọ̀ pé láìsí òkúta, ó lè gbé àpótí náà sókè.