Bàbá Mi Gbà Ká Pààrọ̀ Ìkànnì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sókè, torí àwọn àǹtí mi ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò: mo ti ṣègbéyàwó ní kóòtù, bàbá mi nìkan ló mọ̀.

Ìkànnì ayélujára ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá mi ni kò jẹ́ ká tíì ṣàjọyọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tó gbé e ró ti gbó, àwòrán àga ò hàn mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi olóògbé ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, bàbá sì ń bẹ̀rù pé tá a bá pààrọ̀ ìkànnì náà, ọ̀rọ̀ yẹn lè pa rẹ́. Mi ò lè máa jó nígbà tí ọkàn wọn ò balẹ̀.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìkànnì, ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n ṣe ẹ̀dà, ká kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀dà yẹn."

"Tó bá sọnù ńkọ́?"

"Ẹ gba ọmọ yín padà."

"Kí n fi í ṣe kí ni? Kò lè kọ̀wé bí ìyá ẹ̀."

Ọkọ mi dán an wò, ọ̀rọ̀ kan ò sọnù. Bàbá kà á tán, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní ká lo tuntun. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ká ṣì tọ́jú ìkànnì àtijọ́? Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ má bínú, ẹ wá bá wa yọ̀ nílé bàbá ní Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀.